Ìdáhùn: Ẹ yọ «àrùn» kúrò nínú orúkọ ẹ̀kọ́ yìí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni òun yóò pe medical sociology, ẹ̀kọ́ tó ń wo ọwọ́ tí àwùjọ fi ń mú àìsàn àti ìtọ́jú, nínú àkótán Yorùbá iṣẹ́ ìwádìí òun. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkẹ́nnẹ́ dá a lóhùn kíá: «ìmọ̀ àrùn àwùjọ». Wọ́n ní òdì lásán ni àì- tó wà nínú àìsàn, pé a kì í fi òdì sọ ẹ̀kọ́ lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ta ló ní òdì lásán ni àì-? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: ẹ ti mọ òwe yìí kí wọ́n tó bí mi. Kí ló ń fìyà jẹ ejò níbẹ̀? Àìrìnpọ̀ náà ni! Òun ni olùwà, òun ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní lágbájá ń ṣàìsàn, ohun kan ń ṣe é, gbogbo ilé sì mọ̀.

Ẹ tún wo sàn. Sàn tó wà nínú àìsàn náà ló wà nínú ìwòsàn: a wo èèyàn, ó sàn. Bí ẹ bá lé àìsàn lọ, ẹ ti ya aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ àjọṣe àwọn méjèèjì gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ń wádìí. Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, mọ èyí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Ó ní kí aláìsàn mú ẹbí wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín ará abúlé, kí ó sì máa gba ìtọ́jú.

Èmi náà ka ẹ̀kọ́ yìí dé ipele oyè kejì. Nígbà ìwádìí tèmi, mo jókòó sí yàrá ìtọ́jú kan ní Rẹ́mọ. Màmá kan wọlé, wọ́n wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Ó ní, «Dókítà, ara mi le. Ọmọ mi ló ní kí n wá.» Àrùn wà lára rẹ̀, kò ṣàìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀lé e. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ó fi ìka rin àtàrí lọ títí dé ẹ̀yìn ọrùn: «Nǹkan ń rìn mí lórí, sà, bí mo bá ti ṣí ìwé.» Aláìsàn ni, àmọ́ wọn ò rí àrùn kankan. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tóun náà ṣiṣẹ́ ní Aró, ti kọ nípa irú èyí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní 1960. Arthur Kleinman, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, sì là á yé wa nínú ìwé tó kọ ní 1980 pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí dókítà ń wò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí èèyàn ń rí lára. Ọ̀rọ̀ méjèèjì, àrùn àti àìsàn, wà lẹ́nu àwa. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ da ọ̀kan nù?

Òkùnrùn ńkọ́? Ìyá ìyá mi ní Ìpẹru kò jẹ́ pe ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀ ní olókùnrùn. Olókùnrùn ni ẹni tí ilé ti gbà pé kò lè lọ sóko mọ́, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè ní ọ̀lẹ. Talcott Parsons, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1951 pé a máa ń yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú iṣẹ́, a kì í dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ara òun yá, kí ó sì wá ìtọ́jú. Àìsàn tí yóò lọ ló ń sọ. Olókùnrùn tiwa kọjá ibẹ̀, ìyá ìyá mi kò sì ka ìwé Parsons.

Ẹ tún wo bí «ìmọ̀ àrùn àwùjọ» ṣe tò. Ta ló ni àrùn náà? Gírámà ní àwùjọ ni! Ẹni tó bá rí i lára ìwé ọmọ yìí yóò rò pé olè jíjà àti jẹgúdújẹrá ló ń wádìí.

Ẹni tó ní inú «run», èyí tó wà nínú parun, ni àrùn ti wá, kó wo àmì ohùn dáadáa. Ohùn àárín kì í ṣàdédé di ohùn ìsàlẹ̀.

Ọmọ mi, kọ «ìmọ̀ àwùjọ nípa àìsàn àti ìwòsàn». Wọn á ní ó gùn. Jẹ́ kó gùn. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣì takú sórí àrùn, ẹ bá mi wá aláìsàn kan ní gbogbo Rẹ́mọ tó wọlé tọ dókítà lọ tó ní «mo ń ṣàrùn».