Ohun tó ń mu bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá sùn: ìrírí wa

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ kékeré kan ni mo sì ń lò. Kì í rìn púpọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ọjà ní Ọjọ́rú, ó parí. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó di pé bí mo bá gbé e sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí mo sì yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, "tẹ, tẹ, tẹ" nìkan ni mo máa ń gbọ́. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè ní bátìrì ló ti darúgbó. Mo ra tuntun, èyí tí wọ́n kọ 60Ah sí lára (ìyẹn iye iná tó lè gbà: àmpíà ní ìlọ́po wákàtí), ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ tún fi padà sí bó ṣe wà. Ẹlòmíràn ní alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi gbé iná fún bátìrì, ni kò gbé iná. Nígbà tí a fi mítà wọ̀n ọ́n bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, fólítì 14.2 ló fi hàn, ohun tó sì yẹ kó fi hàn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá alternator láre, kò sì yẹ kí n dá a láre.

Ọgbọ́n tí gbogbo ènìyàn wá kọ́ mi ni pé kí n máa tú orí bátìrì lálaalẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ki sípánà nọ́ńbà 10 bọ àpò bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ìyàwó mi sọ ọkọ̀ náà ní "baálẹ̀ tí à ń bọ́ fìlà fún kó tó sùn". Aago inú ọkọ̀ kò mọ àkókò mọ́, rédíò sì gbàgbé gbogbo ibi tí mo ti yàn sí i.

Níkẹyìn ni wọ́n júwe ọ̀dọ́mọkùnrin ríwáyà kan fún mi ní agbègbè Agodi Gate. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má ra bátìrì mọ́. Nǹkan kan ló ń mu ún lóru. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn iye tó ń mu, ká tó máa wá ẹni tó ń mu ún." Ó tú wáyà négétíìfù kúrò lórí bátìrì, ó sì fi mítà sí àárín orí bátìrì àti wáyà náà, tó fi jẹ́ pé gbogbo iná tó bá fẹ́ wọ inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú mítà kọjá. Ihò 10A ló ki ẹnu wáyà mítà bọ̀, kì í ṣe ihò kékeré tí wọ́n ṣe fún mílíàmpíà, nítorí bí ènìyàn bá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí mítà wà ní ihò kékeré, fíúùsì inú mítà lè jó, bó bá sì yí kọ́kọ́rọ́ láti tan ẹ́ńjìnì, ihò 10A pàápàá kò ní gbà á. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, mo dán an wò nílé lẹ́yìn náà pẹ̀lú mítà tèmi, fíúùsì méjì ni mo jó kí n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn èyí, ó fi screwdriver ti ahọ́n tó wà ní etí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí ọkọ̀ lè rò pé ilẹ̀kùn náà ti pa dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣí sílẹ̀ kí ọwọ́ wa lè dé ibi àpótí fíúùsì. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ó ní kí a jókòó. Ìjókòó yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ kì í sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òmíràn lè lo wákàtí kan. Mítà bẹ̀rẹ̀ láti àmpíà 3 àti díẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó sì dúró sí 0.62 lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í sábà mu ju 0.05 lọ, fún aago, àláàmù àti ìrántí rédíò. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 0.62 ní wákàtí mẹ́rìnlélógún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15Ah, tó bá sì fi máa di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ti mu bíi 40 nínú 60 tí mo ra.

Mo rò pé yóò máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní bí a bá yọ ọ́ tí a sì dá a padà, kọ̀ǹpútà tó ti sùn lè jí, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Mítà mìíràn ló yí sí mílífólítì, tó ń fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan irin tíńtín méjì tó yọ lórí fíúùsì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iná kò gba inú rẹ̀ kọjá á fi òdo hàn. Èyí tí wọ́n kọ DOME sí, ti gílóòbù inú ọkọ̀, kò fi òdo hàn. Nígbà tó yọ ọ́, mítà àkọ́kọ́ já sí 0.20. Ó dá a padà, ó gba fóònù mi, ó tan kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé e sínú búùtù, ó sì pa búùtù dé. Nígbà tí a wo fídíò náà, gílóòbù búùtù ń tàn roro nínú òkùnkùn: irin kékeré tó yẹ kó pa á ti tẹ̀. Gílóòbù 5W lásán ni, àmpíà bíi 0.4 ló sì ń mu tọ̀sán-tòru.

Ọmọ náà sọ fún mi pé 0.20 tó kù ṣì pọ̀. Inú mi ti dùn jù, mo ní n óò padà wá. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Abẹ́òkúta fún ìsìnkú, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀, nígbà tí mo sì dé, ọkọ̀ kò lè ṣe "tẹ" pàápàá.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ gbogbo fíúùsì inú àpótí méjèèjì, iye tó wà lójú mítà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ó ní, "Bàbá, olè yìí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé." Ó fọwọ́ kan alternator: láti òwúrọ̀ ni ẹ́ńjìnì ti tutù, ṣùgbọ́n alternator lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tú orí bátìrì pátápátá, ó wá tú wáyà ńlá tó wà lẹ́yìn alternator, ó fi rọ́bà dì í, ó dá àwọn fíúùsì padà, ó sì tún mítà so. 0.03. Dáyóòdù inú alternator ló yẹ kó jẹ́ kí iná máa jáde lọ sí bátìrì láìjẹ́ kí ó padà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ti ń jò. Ohun tó fà á nìyẹn tí alternator fi ń gbé iná dáadáa lọ́sàn-án, tó sì ń mu ún padà lóru. A pààrọ̀ àwo dáyóòdù náà. Ní oṣù tó kọjá, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, bátìrì ṣì wà ní fólítì 12.5.

*

Bàbá tíṣà, ẹ kú sùúrù. Lọ́ńdọ̀nù ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2020 nígbà tí ìjọba ní kí oníkálùkù jókòó sílé. Ọkọ̀ mi wà lójú pópó lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an, irú èyí tí kì í lo kọ́kọ́rọ́ onírin, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ni ín bá ti sún mọ́ ọn ló máa ń ṣí. Lọ́sẹ̀ kejì, bátìrì kú. Mo fi chájà gbé e dìde, ó tún kú. Mo fẹ̀sùn kan kámẹ́rà tí mo so mọ́ gíláàsì iwájú, mo yọ ọ́, kò yí padà. Àfìgbà tí àbúrò mi béèrè ibi tí mo ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni, kò sì jìnnà sí ọkọ̀ rárá. Gbogbo òru ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn, ọkọ̀ kò rí oorun sùn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí yàrá òkè lẹ́yìn ilé. Kò kú mọ́.

*

Tèmi kò pẹ́ rárá. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló kó bátìrì mi jẹ, ní Òṣogbo. Ọdẹ àdúgbò ló kan ilẹ̀kùn mi ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ń jáde ni? Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yín pọ́n." Mo yẹ ọkọ̀ wò, kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ iná bíréèkì méjèèjì ń tàn. Gílóòbù 21W ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, méjèèjì á mu àmpíà 3.5, kò sì sí bátìrì kékeré tó máa gba ìyẹn mọ́jú tí kò ní rẹ̀ ẹ́. Ríwáyà tó wá lójú mọ́ kò lo mítà rárá. Ó tẹ̀ ba sí abẹ́ ẹsẹ̀ bíréèkì, ó fi hàn mí pé rọ́bà kékeré tó yẹ kó máa ti ojú swíìṣì wọlé ti gbó, ó sì ti já bọ́. Ó béèrè bóyá mo rí i nílẹ̀. Mo rí i: èmi fúnra mi ni mo gbá a dànù ní òwúrọ̀ àná tí mo ń fọ ọkọ̀, mo rò pé pàǹtí ni.