Ẹ gbà mí o, tweeter sípíkà wa tún ti jó, Ojúde Ọba ku ọjọ́ mẹ́rin

Ọmọ Alárè: Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn kíákíá. Sípíkà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wa ti jó tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Wọ́n ní crossover, ohun tó ń pín ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún sípíkà, ló fà á. Èwo ni kí n rà, ta ni kó so ó ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Onírédíò Ìperu: Tweeter 8 ohm ni àbí 4 (ohm la fi ń wọn bó ṣe ń dí iná lọ́nà)? O ò sọ. Fi mítà wọn tweeter tuntun kó o tó so ó: tó bá ka nǹkan bí 6, 8 ni, bí 3, 4 ni. Kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ̀yà crossover tó ń dí ohùn ìsàlẹ̀ lọ́nà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 12 µF nìkan lórí 4 ohm ń gé ohùn ìsàlẹ̀ láti nǹkan bí 3,300 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó). Gbé e sórí 8 ohm, ó bọ́ sí 1,650 Hz. Ohùn ìlù á máa wọlé sí tweeter, á sì jó.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù: Ẹ má gbé e fún ẹni tẹ́ ò mọ̀ o! Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ẹni tó tún tiwa ṣe gbowó crossover tuntun. Bí ìyàwó ṣe ń wọlé báyìí, ohùn òkè dákẹ́. A tú àpótí, kọ́ńdẹ́ńsà kan ṣoṣo la bá níbẹ̀, ìlà funfun wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ ti wú, omi ń kán lára rẹ̀. Ojú tì mí níwájú àwọn àna wa.

Ọmọ Ọ̀fin: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àmọ́ ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ni, kì í ṣe olè.

Onírédíò Ìperu: Àìmọ̀ kẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ ọdún kan mọ̀ pé kọ́ńdẹ́ńsà tó ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù (ìlà funfun yẹn ló ń fi nẹ́gátíìfù hàn) kò yẹ tweeter.

Ọmọ Ọ̀fin: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa kọ́ la kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù: Kó dá owó mi padà, ká tó máa jiyàn.

DJ Mọlípa: Àńpù, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, ni kẹ́ ẹ wò. Tí wọ́n bá yí i dé òpin, tí iná pupa ń tàn ṣáá, ohùn rẹ̀ ti gé lórí. Agbára tó ń ti ibẹ̀ bọ́ sókè, tweeter ló ń jìyà rẹ̀.

Adéìgbó: Ẹ tún bèèrè jẹnẹrétọ̀. Mo mọ ẹni tó ń háyà ẹ̀ pẹ̀lú kánópì ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ọmọ Alárè: Ẹ ṣé gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ ò lè dúró, a ti háyà sípíkà tó ní àńpù nínú láti Ìkòròdú, ọ̀la ló ń bọ̀. Mo wọn tweeter tuntun tá a rà: 6.2. Mo wá tú àpótí tiwa náà. Ìyá Ìbejì, ìlà funfun yẹn wà níbẹ̀.