Ṣé kí n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn yìí?
Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ orin, mo kí yín o. Fúnra mi ni mo ń kọ orin mi, tí mo ń ta gìtá àti agídìgbo, tí mo sì ń fọn fèrè sí i. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ náwó sórí àwo mi tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ni yóò ni ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ títí láé, èyí sì ń kọ mí lóminú. Olórin Beautiful Nubia dá ilé-iṣẹ́ orin EniObanke tirẹ̀ sílẹ̀. Olórin Aṣa ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ orin Naïve ní ilẹ̀ Faransé gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2007. Ǹjẹ́ mo lè béèrè pé kí ẹ̀tọ́ náà padà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí owó wọn bá ti wọlé tán?