Iná wo ló yẹ kámẹ́rà tó ń yẹ ìdérí ìgò wò?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Kámẹ́rà wa ń ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìdérí ìgò onírin. Iná róbótó tó yí lẹ́ǹsì ká la ń lò, ìdérí sì ń dán yinrinyinrin, 8 ń dà bíi 3. Ṣé kí n ra èyí tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

— Rárá o, á tún burú sí i ni. Dome light ni kẹ́ ẹ rà: ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, inú rẹ̀ funfun. Ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀, dídán yẹn á lọ, íǹkì á hàn.

— Ṣé íǹkì ni lóòótọ́? Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú irin, dome á pa á rẹ́. Iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dáa: irin á ṣú, etí nọ́ńbà á mọ́.

— Íǹkì dúdú ni, ọ̀gá.

— Dome náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sún un mọ́ ìdérí gan-an o! Tó bá ti ga sókè, dídán á padà.