Ọ̀dà jẹ bọ́ọ̀lù mi! Ìrírí wa lórí mọ́líkù oní-fóòmù

Ìyá ọmọ SS1: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti ní kí ọmọ mi fi bọ́ọ̀lù fóòmù ṣe mọ́líkù methane, ìyẹn kábọ̀nù kan tí háídírójìn mẹ́rin so mọ́, kó gbé e wá ní Mọ́ńdè. Alẹ́ Fúráìdè ló tó rántí sọ. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Mo ra bọ́ọ̀lù ńlá kan fún kábọ̀nù àti kékeré mẹ́rin fún háídírójìn ní Dùgbẹ̀, mo sì ra ọ̀dà dúdú alágolo tí wọ́n ń fín, torí tíṣà ní kábọ̀nù gbọ́dọ̀ dúdú.

Bí mo ṣe fín in báyìí, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣíí. Kí n tó ṣẹ́jú, ara rẹ̀ ti di kòtò-kòtò bí ojú tí Ṣànpọ̀nná jà. Àbúrò mi tó ń kun mọ́tò ló là mí lọ́yẹ̀ pé èròjà inú ọ̀dà yẹn ń yọ́ fóòmù bí bẹntiróòlù ṣe ń yọ́ ọ. A ra òmíràn. Ọ̀dà olómi tí a fi kun ògiri pálọ̀, tí mo po dúdú mọ́, la fi kùn ún, a fi igi ìtayín so wọ́n pọ̀. Lórí tábìlì, ó dúró. Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá láàárọ̀ Mọ́ńdè, gálọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, háídírójìn méjì já bọ́. Ọmọ ń sunkún, èmi ń fọwọ́ tá lábẹ́ ìjókòó.

Onígi-ṣúyà: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Igi ìtayín ló dà yín. Igi tí wọ́n fi ń gún ṣúyà ni mo lò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ẹ̀mú gé e, mo tì í wọ bọ́ọ̀lù ńlá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín, mo fà á yọ, mo fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ra á lẹ́nu, mo dá a padà sínú ihò rẹ̀. Ẹ má mì í o. Tí ihò bá ti fẹ̀, gọ́ọ̀mù ò ní ràn án. Ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, torí atẹ́gùn kì í débẹ̀ kó tètè gbẹ. Gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tí àwọn aṣebàtà ń lò, ẹ sá fún un, òun náà ń jẹ fóòmù.

Ibi tí ẹ máa gún náà ṣe pàtàkì. Dígírì 109.5 ló wà láàárín apá kan àti èkejì. Mo fi okùn wọn bọ́ọ̀lù ńlá yíká, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Láti ihò kan dé èkejì, mo ka 7.6 lára bọ́ọ̀lù (ìyẹn 25 × 109.5 ÷ 360), mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀, háídírójìn mẹ́ta di ẹsẹ̀ fún un bí ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù, ìkẹrin nà sókè.

Tíṣà kẹ́místírì: Ọmọ kan gbé tirẹ̀ wá fún mi pẹrẹsẹ bí àgbélébùú. N ò lè bínú. Hofmann, ará Jámánì tó fi bọ́ọ̀lù croquet (eré tí wọ́n ń fi òòlù igi gbá bọ́ọ̀lù) ṣe mọ́líkù han àwọn èèyàn ní London lọ́dún 1865, pẹrẹsẹ ni methane tirẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ti mú kábọ̀nù dúdú, háídírójìn funfun, ọ́síjìn pupa.

Ìyá ọmọ SS1: Tíṣà, tí háídírójìn bá ku mẹ́ta ńkọ́? Ọ̀kan la rí lábẹ́ ìjókòó. Èkejì bá onímárúwá lọ.