Ẹ̀yin máníjà, kí lojú yín ti rí látìgbà tí ẹ̀rọ ti gba ibi iṣẹ́?

Àdùkẹ́_M: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 16 rèé tí mo ti wà nípò máníjà. Ìwé ńlá àti bírò létí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, fóònù á ti sọ iye ọjà tó kù kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ_Ọ́fíìsì: Ìpàdé! Látọdún 2020 ni mi ò ti sinmi lórí Zoom.

Ẹ̀gbọ́n_Ilé_Ẹrù: Ohun kan ń dùn mí títí dòní. Wọ́n gbé ètò kan wá síbi iṣẹ́ wa, ó ń ka iye ẹrù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dì ní wákàtí kan. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, ó máa to orúkọ wálẹ̀: ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn, pupa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni orúkọ Bàbá kan fi pupa. Mo kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Bàbá gbà á, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi í sínú àpò àyà, wọn ò fọhùn. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó sọ̀kalẹ̀ lọ wò wọ́n. Àwọn ọmọ tuntun mẹ́rin ló yí wọn ká, Bàbá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ohun tó lè fọ́. Gbogbo ẹrù tí wọ́n jọ ń dì, orúkọ àwọn ọmọ yẹn ló ń bọ́ sí. Mo bẹ̀bẹ̀, mo gba lẹ́tà padà, àmọ́ aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Títí_Ìṣirò: Ká a sí mẹ́rin. Háà.

Sọ̀ótọ́: Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ kọ́ ló kọ lẹ́tà. Ẹsẹ̀ yín ló yẹ kó ṣáájú ọwọ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n_Ilé_Ẹrù: Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n èèyàn 12 ni mò ń bójú tó tẹ́lẹ̀. Bí ètò yẹn ṣe dé, wọ́n ní ó máa ràn mí lọ́wọ́, wọ́n yọ alábòójútó méjì, èèyàn di 44. Ìgbà wo ni n óò sọ̀kalẹ̀?

Àdùkẹ́_M: Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ta mí! Tí ọjà bá ti kùtà, ọ̀gá àárín ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Meta tó ni Facebook pàápàá, lọ́dún 2023, ní kí ọ̀pọ̀ máníjà fi ipò sílẹ̀, kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ gan-an.

Ọmọ_Ọ́fíìsì: ChatGPT á kó ìyókù.

Títí_Ìṣirò: Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí Lotus, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, dé náà nìyẹn.

Sọ̀ótọ́: VisiCalc ló ṣáájú, 1979, lórí Apple II. 1983 ni Lotus 1-2-3.

Títí_Ìṣirò: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ wa tán? Ṣe ló pọ̀ sí i! Ìṣirò kan lóṣù ni ọ̀gá ń béèrè láyé ìwé. Ní báyìí: “Tí owó ọkọ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé ńkọ́? Tí a bá dín èèyàn kù ńkọ́?” Mẹ́jọ, kílẹ̀ tó ṣú.

Àdùkẹ́_M: Ẹ̀gbọ́n, Bàbá yẹn ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ilé_Ẹrù: Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo bẹ àwọn tó ṣe ètò náà kí wọ́n fi àyè kan sí i fún ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Bàbá lò ó kí wọ́n tó lọ.