Wọ́n gbé àbúrò mi torí gbèsè: níbo la ti lè rí lọ́yà ọ̀fẹ́ l'Óṣogbo?

Aláàdìrẹ Ọjà Ọba:
Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Káfíńtà ni àbúrò mi, apá Alékúwodò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Oníbàárà kan fún un ní 280,000 náírà pé kó kan wọ́dúróòbù méjì fóun. Ó ra igi, owó pákó fò sókè, ọmọ rẹ̀ tún dùbúlẹ̀ àìsàn, ó bá ná èyí tó kù. Mi ò gbè é lẹ́yìn, ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni ọlọ́pàá wá gbé e, ọjọ́ Ajé ni mo tó rí i gbà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ ìwé yẹn gan-an ni mo jókòó sí tí mo fi ka 40,000 náírà fún wọn. Rìsíìtì kankan ò sí. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun á san gbogbo ẹ̀ láàárín oṣù kan, jẹnẹrétọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ sì wà lọ́dọ̀ wọn dòní. Kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́ san án? Lọ́yà tí mo lọ bá ní kí n kọ́kọ́ mú 150,000 wá. Ṣé òótọ́ ni pé lọ́yà ọ̀fẹ́ wà?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ lọ bẹ olówó o jàre. Ọ̀fẹ́ wo ló wà ní Nàìjíríà yìí?

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Àná:
Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Ìbejì já yín láyà. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, fáìlì ni mo gbé ní kọ́ọ̀tù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Legal Aid Council, àjọ tó ń fún àwọn tí kò lówó ní lọ́yà, ni kí ẹ wá lọ. Láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀, òfin ọdún 2011 ló ń tẹ̀ lé báyìí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lóṣù kò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀, ìyẹn 70,000 náírà, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá lé, wọ́n lè ní kó dá díẹ̀ sí i. Káfíńtà tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, èló ló ń wọlé fún un?

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ẹ̀ka 32, ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Wọ́n á ní jìbìtì ni. Ohun tí á ya jìbìtì sọ́tọ̀ ni bóyá láti ọjọ́ tó ti gbowó ló ti ní in lọ́kàn pé òun ò ní ṣiṣẹ́ náà. Torí náà, ẹ wá rìsíìtì igi tó rà. Bó bá ti kan férémù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí dání. Bí wọn ò bá fún un, ẹ jókòó kí ẹ kọ gbogbo ohun tó rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbàgbé.

Ti Jímọ̀ sí Ajé yẹn náà: Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ̀ka 35, ní bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Ṣé kọ́ọ̀tù wọ́n l'Óṣogbo ni?

Ìyá Sùkúrà:
Mo ti lò wọ́n, nígbà ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ọmọ mi. Kọ́bọ̀ wọn ò gbà. Àmọ́ sùúrù lẹ máa san. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, lọ́yà wà ní kọ́ọ̀tù. Ìgbà kejì, ó ti lọ wo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Iléṣà. Ìgbà kẹta ni mo bá a. Ẹ tètè jí lọ, kẹ́ ẹ mú búrẹ́dì dání. Kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ o, torí òun ni wọ́n á bi ní ìbéèrè, òun ni á kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà ojú ìwé kan ṣoṣo ni lọ́yà yẹn kọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń pè mí ní "ìwọ ìyá yìí" láàárọ̀, ó ti di "ẹ jókòó, mà" lọ́sàn-án.

Aláta Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ má bínú sí mi. Télọ̀ kan ti gbowó lọ́wọ́ èmi náà rí, tí mo fi aṣọ àtijọ́ ṣọdún. Oníbàárà yẹn ò jalè, owó ẹ̀ ló ń wá. Ẹ má wá lọ́yà tí á fi òfin rẹ́ ẹ jẹ o.

Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù Àná:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Legal Aid náà máa ń pe tọ̀túntòsì jókòó. Kó kan èyí tí igi rẹ̀ bá tó, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kó ṣáà má jẹ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń fi kóòtù dúdú rìn kiri ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Ìwé tí lọ́yà gidi bá kọ, sítáǹbù NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, máa ń wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. NBA ní ẹ̀ka l'Óṣogbo níbí, ẹ lè bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gba ẹjọ́ ọ̀fẹ́. Ká ní obìnrin tí ọkọ ń lù ni, FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, ni ǹ bá darí yín sí. Ní ti 40,000 yẹn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn máa ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Aláàdìrẹ Ọjà Ọba:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti rí rìsíìtì àwọn onípákó, abẹ́ ìyẹ̀fun igi la ti wú u jáde: 165,000 ló wà lára rẹ̀. Férémù kan ti dúró, ilẹ̀kùn ló kù. Mo ti pe oníbàárà náà, kò gbé e, mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lọ́la, aago mẹ́jọ ò ní bá wa nílé.

Bàbá Ìbejì:
Aláàdìrẹ, ẹ bá mi béèrè bóyá wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé.